Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án àti Mẹ́wàá

Ẹni tó bá ti bá mi ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé n kì í gbà kí wọ́n fo ìlà kankan nínú ìwé àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ ọsibítù ni mo ń tún ṣe ní Abẹ́òkúta. Bí mo bá ní ká wo wáyà mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la máa wò. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ pé ẹnu Bùsírátù mú bí abẹ. Ó mú lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Sàlàhúdíìnì, la jọ kan bàálù ogun kan tí kì í gbé ènìyàn. Kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé ń fọwọ́ jù sókè. Bí a bá to apá rẹ̀ méjèèjì tán, kò lè gba ẹnu ọ̀nà gáréèjì kọjá. Ó wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì, bẹntiróòlù ló ń mu, abẹ̀bẹ̀ igi tó ń yí ní imú rẹ̀ sì lè gé ọwọ́ ènìyàn bí ẹní gé ilá. A kùn ún ní àwọ̀ ewé, a ya eyín sí i lẹ́nu bíi ti àwọn tí wọ́n fi jagun láyé ìgbà Hitila. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi rìmóòtù wà á láti ilẹ̀, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, Bọ̀dá Sàlàhú ti máa ń wọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan la ń ráyè. A máa gbé e lọ sí pápá kan lẹ́yìn Ìtòrí, ilẹ̀ tó ti jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀. Eruku sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò máa ń funfun lórí ewé níbẹ̀. Bí bàálù bá ti balẹ̀ báyìí, èmi ni màá fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku kúrò nínú gbogbo ihò ara rẹ̀.

A ní ìwé àyẹ̀wò tiwa. Ohun mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Bọ̀dá á ka ọ̀kan, èmi á fọwọ́ kan ibẹ̀, màá dáhùn pé “Ó dára,” màá sì fi bírò fàlà sí i. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni kí wọ́n dín agbára rìmóòtù kù, kí ẹnì kan gbé e rin ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ká wò ó bóyá bàálù ṣì ń gbọ́ àṣẹ. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni kí n di bàálù mú nílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí Bọ̀dá pa rìmóòtù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀. Bí kò bá kú, a jẹ́ pé lọ́jọ́ tí bàálù náà ò bá gbọ́ àṣẹ mọ́ lókè, kò ní já bọ́ sínú igbó. Á máa fò kiri ni, títí yóò fi rí ohun tó máa kọlù.

Bàbá wa, Àlááji Akóredé, tó ti ta páànù ní Lafẹ́nwá fún ogójì ọdún, kò ka gbogbo rẹ̀ sí nǹkan kan. Bó bá ti rí bàálù náà, á ní, “Ogun ta lẹ fẹ́ lọ jà?” Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti tẹ̀ lé wa.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sọ́ńdè tí Bàbá bá wa lọ, mo pààrọ̀ risífà, ìyẹn àpótí kékeré inú ikùn bàálù tó ń gbọ́ ohun tí rìmóòtù ń sọ. Iṣẹ́ ti sú mi lọ́jọ́ náà, mo kàn ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ irin ẹ́ńjìnnì, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí irin lè dí i lọ́wọ́ láti gbọ́ rìmóòtù. Mo sọ fún ara mi pé bó bá ní wàhálà, nọ́ńbà mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá á tú u fó.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a kàwé dé nọ́ńbà mẹ́jọ. Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wá sọ́dọ̀ wa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà.

Ta ló máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó dúró ná? A tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó ṣàdúà fún iṣẹ́ wa, ó ṣàdúà fún ìyá wa tó ti lọ, ó ṣe fún àwọn àna, ó ṣe fún àwọn tó ń ra páànù. Ó pẹ́. Nígbà tó parí, a ṣe àmín, a fọwọ́ pa ojú. Bọ̀dá ká ìwé, ó fi í sí àpò ẹ̀yìn.

“Ó yá, Bùsírá, jẹ́ ká ta ẹ́ńjìnnì.”

Mo fọwọ́ ta abẹ̀bẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì jí. Àmín tí mo ṣe yẹn ló dà bí ìdáhùn tó kẹ́yìn lójú mi. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.

Nítorí ewu, a ti gbé àga Bàbá sábẹ́ igi dóńgóyárò kan, ó tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí wa, ibẹ̀ ló sì lọ jókòó sí lẹ́yìn àdúà. Nígbà tí bàálù gbéra, tó sì ń bú ramúramù kọjá lójú sánmà, mo rí i tí Bàbá dìde, tó ń fọwọ́ lu itan bí ọmọdé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó ṣe, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síwájú àga náà láti kí ìrun Alásàrì.

Mo fa ìwé yọ lápò Bọ̀dá láti kọ déètì sí i, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìlà mẹ́jọ ni mo rí. Mo tún un kà. Mẹ́jọ ni.

A ò tíì wo nọ́ńbà mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá.

“Bọ̀dá mi, ẹ gbé e wálẹ̀.”

“Kí ló dé?”

Bí mo bá sọ ohun tó dé, àdúà Bàbá ni mo máa dárúkọ. Mi ò lè sọ ọ́. “Ẹ ṣáà gbé e wálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó wo ojú mi, kò bèèrè mọ́. Ó dín ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀, ó yí bàálù sí apá òsì kó lè padà wá balẹ̀. Mo rí i tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń ti igi rìmóòtù lọ sí ọ̀tún, ó ń tì í léraléra, síbẹ̀ bàálù náà ò kúrò lápá òsì.

“Bùsírá, kò gbọ́ mi mọ́.”

Àṣẹ tó gbọ́ kẹ́yìn ló dì mú. Ó ń yípo, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yípo àkọ́kọ́ gba orí dóńgóyárò kọjá. Nígbà tó yí lẹ́ẹ̀kejì, kò ga ju òpó iná lọ mọ́, afẹ́fẹ́ sì ti tì í débi pé iwájú igi gan-an ló gbà, lórí ẹní Bàbá. Bó bá tún yí lẹ́ẹ̀kẹta, ara Bàbá ló máa kọlù. Bàbá wà lórí ìrun, ó kẹ̀yìn sí i. Bọ̀dá gbé rìmóòtù sókè orí, ó ń sáré síwájú, ó ń pe Ọlọ́run. Mo kígbe pe Bàbá. Kò gbọ́, bó bá sì gbọ́ pàápàá, kò ní wẹ̀yìn.

Mo sáré. Láyé mi, mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò gbọ́ ohun kan mọ́ àfi ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́yìn mi, tó ń sún mọ́ mi. Ohun tó sì ń lọ lọ́kàn mi ni pé wọn kì í já ìrun ẹni tó ń kírun. Wọn kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá pàápàá. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ró fún ráká kẹta, ó di ọwọ́ sí àyà. Mo fi gbogbo ara mi kọlu bàbá mi, a sì jọ ṣubú sínú iyẹ̀pẹ̀.

Atẹ́gùn gbóná kan fẹ́ kọjá lẹ́yìn ọrùn mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí igi ya, tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́.

Bàbá jókòó sílẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti bọ́. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ó wo àga rẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ sọnù, ó wo ìyẹ́ apá tó há sára dóńgóyárò.

“Ráká kelòó ni mo wà?” ló bèèrè.

“Ìkẹta, Bàbá.”

Bọ̀dá dé, ó dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, láti orí wáyà ọjọ́ Jímọ̀ dé orí ìlà mẹ́jọ.

“Ẹ ò tíì kàwé tán nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àdúà?”

“A ò tíì kà á tán, sà.”

Ó gbọn fìlà rẹ̀, ó dé e. “Èmi ni mo kọ́kọ́ já ìwé kíkà tiyín, Bùsírátù. Ò bá sọ fún mi.” Ó dìde, ó tún ẹní rẹ̀ tẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí títí ó fi sálámà, tó parí ìrun, mò ń wo ojú sánmà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́ta la fi tún bàálù náà kàn. Lọ́jọ́ tí a gbé e padà sí pápá, Bàbá ló kọ́kọ́ wọnú ọkọ̀. Nígbà tí Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, Bàbá dúró ti ẹ̀gbẹ́ wa, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé kéwú. A ka mẹ́jọ. A ka mẹ́sàn-án, Bọ̀dá rin ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ìyẹ́ ń mì bó ṣe ní kó mì. A ka mẹ́wàá. Mo di bàálù mú, Bọ̀dá pa rìmóòtù, ẹ́ńjìnnì sì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

“Ó dára,” ni mo wí, mo sì fàlà sí i.

Bàbá na ọrùn wo ìwé náà, ó fi ìka ka ìlà ibẹ̀ títí dé mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ló tó yọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

“Ṣé mo lè ṣàdúà báyìí?”

“Ẹ lè ṣe é, Bàbá.”

Àdúà náà ò gùn. A ṣe àmín, Bọ̀dá sì ní kí n ta ẹ́ńjìnnì. Ìgbà mẹ́ta ni mo na ọwọ́ sí abẹ̀bẹ̀ náà kí n tó lè ta á.