Àlejò Ti Yó Kó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò rìn kiri àdúgbò àtijọ́. Mo máa ń sọ ìtàn ilé àti ògiri fún wọn, a sì máa ń yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ, kí wọ́n lè tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò gbà pé iṣẹ́ nìyẹn. Lójú tiwọn, mo kàn ń kó àwọn tí mi ò mọ̀ rí káàkiri ni, a sì ń lanu. Ẹnì kan bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ni ìyàwó ọmọ yín ń ṣe. Wọ́n ní, "Ó máa ń rìn."

Ìparí ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn odi ni ilé oúnjẹ màmá wà. Yàrá gígùn kan ni, bẹ́ǹṣì igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjèèjì, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá. Ọbẹ̀ adìyẹ àti ìrẹsì ni wọ́n ń sè níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Mi ò ní torí pé wọ́n máa ń bí mi nínú kí n wá purọ́: kò sí ọbẹ̀ tó dà bíi rẹ̀ nínú gbogbo ìlú. Àmọ́ àwọn oníbàárà wọn ti kó lọ sí àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ìlú, ìkòkò tó máa ń gbẹ kí oòrùn tó mú wá ń sùn tòun ti ọbẹ̀ nínú. Ọkọ mi gbọ́ tí màmá ń sọ pé bóyá kí àwọn kúkú ti ilẹ̀kùn náà pa. Ó sọ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa mú àwọn àlejò mi wá, mo bẹ̀ wọ́n títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn.

Ibi tí ìjà wà ni ìwọ̀n oúnjẹ. Mo ní kí wọ́n máa bu ṣíbí méjì-méjì sínú abọ́ kékeré, torí àwọn àlejò á ti jẹ nǹkan bọ̀ lọ́nà. Màmá wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n lé àlejò síta. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn, abọ́ kíkún ló máa jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá là á mọ́lẹ̀ fún mi.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fún ẹ. Bí abọ́ wọn bá mọ́, o lè máa kó wọn bọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ́ oúnjẹ mi kù, má mú ẹnikẹ́ni wá mọ́. Èmi náà á sì mọ̀ pé ó ti tó àkókò tí mo máa tilẹ̀kùn."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ibẹ̀: "Ṣé ọmọ mi ti jẹun?" Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti ń dáhùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rí ikùn ọkọ mi kò nílò kó tún béèrè.

Nígbà tí ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ bá oníbúrẹ́dì àti ìyá ẹlẹ́ja tó wà létí odò. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, torí pé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi la máa parí rẹ̀ sí. Ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Ǹ bá ti gbẹ́nu mi dákẹ́.

Tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì kan ni oníbúrẹ́dì máa ń gé wẹ́wẹ́ fún gbogbo wa. Lọ́jọ́ yìí, odidi kọ̀ọ̀kan ló gbé lé olúkúlùkù àlejò lọ́wọ́, gbígbóná fẹlifẹli, ó fi bọ́tà sí i, ó tún da oyin lé e. Mo ṣẹ́jú sí i títí, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ìyá ẹlẹ́ja tiẹ̀ tún burú jù ú lọ. Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn àlejò tí mo ti sọ ní Ọ̀gá Kámẹ́rà nínú ọkàn mi, torí kò lè fi nǹkan sẹ́nu láìkọ́kọ́ yà á ní fọ́tò. Kó tó ya ẹja kan tán, ìyá ẹlẹ́ja á ti fi òmíràn lé e. Tíṣà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀, ojú ń tì í láti ṣẹ́ oúnjẹ kù. Ó jẹ tirẹ̀, ó sì tún bá tọkọtaya tó jókòó tì í jẹ tiwọn.

Mo fa ìyá ẹlẹ́ja sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo bi í pé kí ni mo ṣe fún un.

"Kò sóhun tó o ṣe," ló wí. "Tí wọ́n bá ti jẹ ọbẹ̀ ìyá ọkọ ẹ tán, ta ló máa rántí ẹja mi? Èmi àti oníbúrẹ́dì ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yó tiwa."

Mo wá ń wá bí oúnjẹ náà ṣe máa dà nínú wọn. Mo mú àwọn àlejò gba ọ̀nà tó jìn, mo mú wọn gun àtẹ̀gùn odi, mo sọ ìtàn tí mi ò sọ rí, mo tún tún èyí tí mo ti sọ sọ. Òógùn nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀. Ọ̀gá Kámẹ́rà tú bẹ́líìtì rẹ̀.

Nígbà tí a dé, màmá ti wọ aṣọ ìmúròde wọn. Abọ́ kíkún ni wọ́n gbé ka iwájú kálukú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Kò sẹ́ni tó mú ṣíbí. Tíṣà nìkan ló gbìyànjú, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó di ojú, ó ní ó dùn gan-an, ó sì rọra gbé ṣíbí náà sílẹ̀. Ọ̀gá Kámẹ́rà ya tirẹ̀ ní fọ́tò, ó wá ń wò ó.

Màmá wo àwọn abọ́ náà, wọ́n wá wò mí. Mo ti to irọ́ sẹ́nu: mo fẹ́ sọ pé ooru ló mú wọn, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ náà kò jáde. Òótọ́ nìkan ló jáde.

"Ẹ̀rù ọbẹ̀ yín ló ń ba oníbúrẹ́dì àti ìyá ẹlẹ́ja, màmá. Wọ́n ní tí àwọn àlejò bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n á gbàgbé àwọn. Ni wọ́n bá fi oúnjẹ dì wọ́n níkùn lójú ọ̀nà."

Màmá ní, "Oníbúrẹ́dì sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó tiẹ̀ da oyin sí i."

"Oyin?" Wọ́n tún un sọ, ni ẹ̀rín bá bú yọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Mi ò tíì sọ ohun tó pa ìyá ọkọ mi lẹ́rìn-ín rí, inú mi sì dùn ju ẹ̀rù tó ń bà mí lọ.

Nígbà tí wọ́n nu ojú wọn tán, wọ́n dá ọbẹ̀ padà sínú ìkòkò, wọ́n fi ìdérí dé abọ́ Tíṣà. Wọ́n wọ yàrá inú lọ, wọ́n kó pìlóò jáde, wọ́n fa fèrèsé dé díẹ̀, wọ́n wá ní kí gbogbo àlejò bọ́ bàtà, kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn àlejò yíjú sí mi, Ọ̀gá Kámẹ́rà bi mí bóyá ó wà nínú ètò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ètò.

Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi ń hanrun. Màmá nawọ́ sí igun bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́ kù, wọ́n ní kí èmi náà sùn. Mo ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lò ń ṣe. Dùbúlẹ̀."

Iṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n tún un sọ, àmọ́ oorun ti gbé mi lọ.

Ohùn màmá ló jí mi. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, màmá ti tún bu oúnjẹ fún àwọn àlejò, àwọn yẹn sì jókòó yí wọn ká bí màmá ṣe ń sọ ìtàn ilé náà. Mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀ rí, irọ́ sì ni ìdajì yòókù. Mo wo iwájú Tíṣà, abọ́ rẹ̀ ti mọ́, ó ń béèrè bóyá ó ṣì kù. Ọ̀gá Kámẹ́rà ti jẹ tirẹ̀ tán kó tó rántí fọ́tò, ó wá ń ya abọ́ òfìfo. Kò sí abọ́ kan tó kù tí ìrẹsì wà nínú rẹ̀. Mo wò wọ́n lọ, mo wò wọ́n bọ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò ti jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi.

"Sọ fún oníbúrẹ́dì kó má dín oyin náà kù," ni wọ́n wí. "Màá ra pìlóò sí i."

Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí, mo sì ti ní ìdáhùn mi lẹ́nu, pé bẹ́ẹ̀ ni màmá, ọmọ yín ti jẹun, ó tiẹ̀ jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ṣí ìkòkò.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ ti jẹun?"

Látàárọ̀ ni mo ti ń mú èèyàn kiri ibi oúnjẹ, mi ò fi nǹkan kan sẹ́nu. Mo ní rárá, omi sì lé sí mi lójú. Màmá bu abọ́ kíkún fún mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì jẹ ẹ́ mọ́.