Nọ́ọ̀sì Ní Kí N Di Aláròyé

Ọmọ ọmọ mi pé ogún oṣù, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Adájọ́ ni a ń pè é, nítorí pé ó máa ń wo ènìyàn láti òkè délẹ̀ láìfọhùn. Ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin mi, a máa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó mi ì bá ṣe é jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó kú lọ́dún tó kọjá.

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò láti yẹ àwọn ọmọdé wò bóyá wọ́n ń dàgbà bó ṣe yẹ, ọmọ mi ní kí n gbé Adájọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì kan tẹ́ ẹní, ó kó àwọn igi ìṣeré kéékèèké jáde. Adájọ́ to márùn-ún léra. Nọ́ọ̀sì lu agogo kékeré lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà yíjú. Èmi náà yíjú.

"Ẹ̀yin kọ́ là ń dán wò, Bàbá. Ọmọ dáadáa, imú dà?"

Adájọ́ ti ìka bọ imú nọ́ọ̀sì.

"Ó gbọ́, ó sì yé e," ni nọ́ọ̀sì wí, ó ń nu imú. "Ọ̀rọ̀ sísọ ló kù. Ẹ̀yin àti ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nílé?"

"Nípa kí ni?"

Ó wò mí títí. "Bàbá, ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe, ẹ máa sọ ọ́ fún un. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Tí kò bá tíì sọ nǹkan kan, màá kọ lẹ́tà sáwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá."

Lẹ́tà yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀. "Mò ń wọ ṣòkòtò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wọlé. Tòsì ń bọ̀." Adájọ́ wò mí bí ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún.

Lọ́jọ́ kẹta, mò ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mò ń sọ pé ìgbálẹ̀ ń lọ, ìgbálẹ̀ ń bọ̀, ni télọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Adájọ́ wà, télọ̀ kò rí i. Ó gbé fóònù, ó pe ọmọ mi: "Ẹ tètè máa bọ̀ o! Ọ̀fọ̀ yẹn ti da orí Bàbá rú!"

Ọmọ mi sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gé àlùbọ́sà. Mò ń sọ fún Adájọ́ pé ìyá ńlá rẹ̀ máa ń fi omi sẹ́nu kí ojú má baà ta á. N kò tíì sọ̀rọ̀ ìyàwó mi láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọmọ mi jókòó, kò padà síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, Adájọ́ kò tíì fọhùn. Nọ́ọ̀sì fa ìwé yọ láti kọ lẹ́tà náà. Ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì ti mú bírò. Bírò búlúù ni. Ó ń ṣí ìdérí ẹ̀. Ó ti ṣí i. Ó ń..."

Ọwọ́ kékeré kan bò mí lẹ́nu.

"Ó tó!" ni Adájọ́ wí.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Kí ló wí?"

Adájọ́ yíjú sí i, ó tún un wí ketekete.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Lẹ́tà dúró ná. Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ká gbọ́ òmíràn. Ẹ má dákẹ́ o, Bàbá!"

Orí ni mo mì pé mo gbọ́. Ọwọ́ náà ṣì wà lẹ́nu mi, n kò sì fẹ́ kó kúrò.