Àga Oníhò

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, ìdílé mẹ́rin la sì jọ ń lò ó. Nítorí náà, nígbà tí télọ̀ tó wà ní yàrá iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó háyà rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ ló ń sá fún. Èmi káfíńtà, tí ìsọ̀ mi fara ti tirẹ̀, ní inú ló ń run ún. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Inú kọ́. Bí ọkùnrin náà bá ti jókòó nídìí máṣìnnì, abẹ́ á máa jó o bí iná, láàárín ibi tí à ń fi jókòó àti ibi tí àgbàlagbà kì í dárúkọ ní gbangba. Bó bá dìde, á rọlẹ̀. Àmọ́ ojú ń tì í. Gbogbo ìgbà tó lọ rí dókítà, ẹ̀yìn ló ń pè é. Wọ́n ya fọ́tò egungun ẹ̀yìn, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n fún un lóògùn ara ríro, ó lò ó tán, ibi tó ń dùn ún ò gbọ́. Mi ò mọ irú ìtìjú tó ń mú èèyàn tọ́jú ibi tí kò dùn ún.

Aṣọ wá ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà ń gbé tiwọn lọ síbòmíràn. Nígbà tó yá, ó ní òun máa ta máṣìnnì, bẹ́ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ ò jà. Ó kàn ní kí wọ́n jọ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ẹni tó fẹ́ rà á tó dé.

Ìyàwó yìí ló ròyìn fún wa. Dókítà náà obìnrin ni. Télọ̀ tún ní ẹ̀yìn ni. Inú bí ìyàwó.

"Dókítà, ẹ bá mi bi wọ́n o. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ará ilé ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tán."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀, ṣé ó máa ń dùn yín?"

Télọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ibẹ̀ nìkan ni kì í ti í dùn mí."

"Ihò ló wà lábẹ́ yín níbẹ̀, nǹkan kan ò tẹ ibi tó ń dùn yín. Ibo gan-an ni?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Abẹ́ mi ni."

Dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní iṣan kan tó ń gbé ìmọ̀lára ló gba ẹ̀gbẹ́ egungun ìdí kọjá lọ sí abẹ́, ìjókòó ọjọ́ pípẹ́ ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Kò purọ́ fún wọn: oògùn iṣan wà, ara nínà wà, ó lè rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má lọ tán. Télọ̀ bi í bóyá òun ṣì lè ṣiṣẹ́. Ó ní ó lè ṣe é, kó má ṣáà jókòó bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé ni wọ́n wá bá mi. Mo gbé tábìlì máṣìnnì ga kó lè máa dúró ránṣọ, mo sì kan àga kan tí mo dá ihò sí láàárín. Ará ilé rẹ́rìn-ín títí. Ó dùn mí díẹ̀, torí igi tó dáa ni mo fi ṣe é. Ẹni tó fẹ́ ra máṣìnnì dé, wọ́n fún un lómi mu, ó lọ.

Ìrora náà ò lọ tán. Lọ́jọ́ tó bá dé, télọ̀ kì í dá wa lóhùn. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, mi ò kàn sọ ni. Ṣùgbọ́n ó ń ránṣọ.

Níjọ́sí, awakọ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, gbé ṣòkòtò wá fún un. Mo na àga tèmi sí i. Ó ní òun á dúró, ẹ̀yìn ló ń dun òun díẹ̀.

Télọ̀ dá máṣìnnì dúró. "Ẹ̀yìn, àbí abẹ́?"

Awakọ̀ wo ilẹ̀. Télọ̀ fa àga oníhò wá síwájú rẹ̀.

"Jókòó síbí ná," ló wí.