Ìyọ̀ǹda Lórí Orúkọ Damasa

Ìmoore ló kó bá Zenobia. Nígbà tí ìjì wó ilé ìdáná tí Damasa ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ereba, àjọ àgbáyé kan ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ wá fún wọn, tí wọ́n kun àmì wọn sí i lára: ọwọ́ méjì tó gbé ewé kan dání. Ìyá náà ti kú báyìí, ṣùgbọ́n láti Dangriga títí dé Ìlú Belize, ta ni ò mọ burẹ́dì ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ Ereba Damasa? Ìgbà tí Zenobia wá fẹ́ forúkọ ọjà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó ya ọwọ́ méjì yẹn sáàárín orúkọ ìyá rẹ̀, ó ní òun fi ń dúpẹ́ ni. Kò mọ̀ pé ọpẹ́ náà ń gba àṣẹ.

"Mà, àmì yìí kì í ṣe tiyín," ni Shanelle, ọmọbìnrin tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì, wí. "Àfi kí àjọ yẹn kọ̀wé pé àwọn yọ̀ǹda."

Zenobia kọ̀wé títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tí èsì dé, ọ̀rọ̀ dídùn ló kún inú rẹ̀. Wọ́n kí i kú ìmoore, wọ́n kí i kú ara fẹ́ra kù, wọ́n ní àmì àwọn kì í ṣe fún òwò. Ó gbé e padà lọ bá Shanelle.

"Ó dáa, bá mi pa ọwọ́ náà rẹ́, kó ku orúkọ."

"Kò ṣeé parẹ́, mà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó ti di àmì mìíràn nìyẹn. Ẹ ó tún lọ tò sẹ́yìn."

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé mò ń sáré lọ síbì kan ni?"

Shanelle wolẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá tún tò, ẹnì kan á ti wà níwájú yín. Ọ̀gbẹ́ni Haylock ti mú orúkọ Damasa wá láti fi sílẹ̀. Orúkọ lásán, kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀."

Haylock tó ń ra ereba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà fáwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá! Olè paraku ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́. Bí Zenobia bá di àmì náà mú, ìjọba á kọ̀ ọ́. Bó bá fi í sílẹ̀, Haylock ti gba iwájú.

"Ẹ lè pè é lẹ́jọ́," ni Shanelle rọra wí, "ṣùgbọ́n ẹjọ́ máa ń pẹ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù ò sì ní gba ọjà yín láìsí ìwé-ẹ̀rí orúkọ. Àbí kẹ́ ẹ ní kóun náà yọ̀ǹda fún yín?"

"Èmi? Kí n lọ bẹ Haylock nítorí orúkọ ẹni tó bí mi?"

Síbẹ̀ ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè é.

"Àǹtí Zeno! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ereba mi dà?"

"Má bi mí léèrè ereba, aláìnítìjú! Orúkọ ìyá mi ni mo wá gbà."

Haylock rẹ́rìn-ín. "Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí mi. Òwò ni, kì í ṣe ìjà. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an?"

Zenobia rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí o yọ̀ǹda fún mi, kí n máa lò ó."

"Ẹ kọ lẹ́tà wá. Kẹ́ ẹ ṣàlàyé ohun tí Damasa jẹ́ sí yín. Màá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó padà wọlé, ó tọrọ bébà lọ́wọ́ Shanelle, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ọ́ sókè bébà náà pé: Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n.