Yìnyín Tí Wọ́n Fi Dúró De Abdulrasheed

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyá Ràdíátù kú ní Amukoko, Ààfáà ní kí wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ràdíátù kọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ tọrọ lórí àìsàn: kí Abdulrasheed, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, wọ kòtò lọ gbé òun sílẹ̀. Ràdíátù sì ti ṣèlérí.

Toronto ni Abdulrasheed wà. Bó ṣe gbọ́ lórí fóònù, ẹkún ló bú sí. "Àǹtí mi, ẹ má tíì sin Màámi o. Mo ti ń lọ sí èápọ́ọ̀tù báyìí."

Ràdíátù tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù: Toronto sí Èkó, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá nínú bàálù. Ó nà án sí Ààfáà. "Ẹ wò ó, sà. Kí ẹ tó kírun Àílà lọ́la, á ti dé."

"Òkú kì í retí àlejò, Ràdíátù," ni Ààfáà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Yínúsà, ọkọ Ràdíátù, tó ń ru ẹrù ní wáàfù Àpápá, ló lọ ra yìnyín lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá yìí kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Aláàárù yẹn" ló ń pè é. Aláàárù yẹn ló wá ń to yìnyín yí i ká, tó ń nu omi rẹ̀ bó ṣe ń yọ́. Ìyá tó fẹ́ràn tùràrí, òórùn ẹja ló gba yàrá rẹ̀ kan. Ojú ti Ràdíátù.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe àbúrò rẹ̀ títí, kò gbé e. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, nítorí ta ní ń gbé fóònù nínú bàálù? Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé ó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àílà ni ìpè wọlé. Ràdíátù gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń béèrè oúnjẹ lẹ́yìn Abdulrasheed.

"Ṣé o ti balẹ̀?"

"Àǹtí mi, mo ṣì wà nílé. Kò sí bàálù tó ń bọ̀ tààrà, owó tíkẹ́ẹ̀tì náà sì gọbọi. Mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀ ni. Ẹ ṣáà sin ín, mà á wá fún fídáù."

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ràdíátù kò bínú sí ikú tó pa ìyá rẹ̀. Ẹni tó fi irọ́ dá òkú dúró ni kò mọ bí òun ṣe fẹ́ dárí jì. Ràdíátù fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ̀rọ̀ Ààfáà.

Ó ránṣẹ́ bẹ Ààfáà. Wọ́n wẹ òkú, wọ́n dì í. Lẹ́nu ọ̀nà, Ààfáà béèrè ọmọ òkú tí yóò wọ kòtò. Yínúsà ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bọ́ síwájú, ó gbé apá orí òkú. Àwọn ọkùnrin lọ. Ràdíátù jókòó sílé láàárín àwọn obìnrin.

Fóònù tún dún. "Àǹtí mi, ẹ ní kí wọ́n ká fídíò fún mi o. Ṣé ibojì náà jìnnà sílé ni?"

"Kò jìnnà, Abdulrasheed. Aláàárù tí Màámi kò fẹ́ ti fẹsẹ̀ rìn ín débẹ̀."

Ó pa fóònù, ó gbé garawa, ó lọ da omi yìnyín tó kù sínú gọ́tà.