Eyín Aago

Iṣẹ́ eyín ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Kì í yọ eyín. Àwọn dókítà iwájú ló ń yọ ọ́. Òun ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó ń ṣe òmíràn dípò èyí tó lọ. Yàrá náà há débi pé bí ènìyàn méjì bá fẹ́ kọjá lára ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fa ikùn mọ́ra. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, iná kan tó tẹ orí ba bí ẹni tó ń kí àgbà, àti pẹpẹ lórí pẹpẹ tí ẹnu àwọn ènìyàn tó fi pílásítà funfun ṣe jókòó sí. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bàbá Eléyín ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó lè gbàgbé orúkọ ènìyàn tó bá pàdé lójú pópó, ṣùgbọ́n jẹ́ kí onítọ̀hún lanu kí i, kíá ni yóò rántí gbogbo ìtàn rẹ̀.

Obìnrin àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ń gbé ní òkè ilé tí Bàbá Eléyín àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Màmá Òkè ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan, ó wá síbi iṣẹ́ nítorí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó máa ń yọ̀ kúrò nípò bó bá ti rẹ́rìn-ín, Màmá yìí sì rèé, ó fẹ́ràn ẹ̀rín ju oúnjẹ lọ. Bí Bàbá Eléyín ṣe ń fá eyín náà lábẹ́ iná, Màmá Òkè mú aṣọ ìnujú kan jáde nínú báàgì, ó tú u sórí tábìlì.

"Aago ọwọ́ bàbá wọn nìyí," ó ní. "Mo fẹ́ tà á. Kò ṣiṣẹ́ o. Mo tètè sọ ọ́ kó tó di ẹjọ́."

Bàbá Eléyín gbé e. Ojú aago náà ti pọ́n bí ìwé tí wọ́n da tíì sí. Awọ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọwọ́ ti gbẹ, ó ti ká kò. Nínú ọwọ́ méjèèjì tó yẹ kí aago ní, ọ̀kan ti sá lọ, èyí tó kù sì dojú kọ ilẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí i padà, tó fi awò iṣẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti fín ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sára irin náà, tó ń fẹ̀ lọ roboto roboto bí ojú omi tí wọ́n ju òkúta sí. Ọkùnrin náà kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ tà á, Màmá?"

"Aago tó ń ké ni," Màmá Òkè dáhùn. "Ọkọ̀ ojú irin ni bàbá wọn ń wà, wọ́n á tò ó kó lè jí wọn fún iṣẹ́. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀, àfi bí ìrẹ̀ tó há sínú agolo. Á jí mi, á jí àwọn ọmọ, á jí ajá aládùúgbò. Ẹni kan ṣoṣo tí kì í jí ni bàbá wọn. Èmi ni mo wá ń jí wọn. Kí wá ni iṣẹ́ aago nínú ọ̀rọ̀ náà?"

Bàbá Eléyín ní òun fẹ́ rà á. Màmá Òkè na ìka kan sókè.

"Tí o bá máa rà á, kó má ké mọ́ láéláé. Ilẹ̀ yàrá mi ni àjà yàrá tìrẹ. Mú un lọ sílé ná, kí ìyàwó rẹ rí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, fún mi lésì."

Ìyàwó Bàbá Eléyín ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Látìgbà tó ti ń jókòó ti àwọn tó fẹ́ forí sọ òpó iná, kò sí ohun tó tún ń já a láyà, ohùn rẹ̀ kì í sì lọ sókè. Bó ṣe ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gba aago náà, ó gbọ̀n ọ́n létí.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Kò tíì ṣiṣẹ́."

"'Kò tíì' yẹn ni mò ń bẹ̀rù." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí fáànù tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló ń yíjú sí, tí ẹni tó bá jókòó lápá ọ̀tún sì ń làágùn. Ó tọ́ka sí rédíò tí wọ́n ti gbé òdòdó lé lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ wo ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó yà. Èyí náà 'kò tíì,' tọ̀hún náà 'kò tíì.' Tó bá ń rìn, ẹ rà á. Tí kò bá lè rìn, ẹ má gbé òkú mìíràn wọlé fún mi."

"Àmọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe dára."

"Ẹnìkan kì í ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú nítorí pé bọ́ọ̀tù rẹ̀ dára."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe há Bàbá Eléyín sáàárín obìnrin méjì. Ti òkè ní kó má ké, ti ìsàlẹ̀ ní kó máa rìn. Òun gan-an kò sì mọ̀ bóyá aago lè ṣe ọ̀kan kó má ṣe èkejì. Ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń yọjú wò ó. Lọ́wọ́ àárọ̀ ó ti pinnu pé òun á dá a padà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó ti pinnu pé òun á rà á. Nígbà tí oòrùn máa fi kúrò lójú fèrèsé, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jiyàn bí agbẹjọ́rò tó gba owó lọ́wọ́ apá méjèèjì.

Ohun tó wá ṣe é ni pé èrò kan wọ orí rẹ̀. Aago ní ojú, ó ní ọwọ́, àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ sì ní eyín. Ta ló tún kù tó lè mọ̀ nípa eyín ju òun lọ? Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, òun kàn fẹ́ ṣí i wò ni. Wíwò kì í ṣáà ba nǹkan jẹ́.

Eyín Ọ̀gá Akọrin ló wà níwájú rẹ̀ lásìkò yẹn. Ọ̀gá Akọrin ni olórí ẹgbẹ́ olórin kan, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ohùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó wọlé. Erìgì eyín náà, èyí tí wọ́n ń fi nǹkan rírọ̀ aláwọ̀ ẹran ara ṣe, ṣì rọ̀ nínú agolo aláìdérí tí wọ́n máa fi sè é. Bàbá Eléyín fi orí ọ̀bẹ tín-ín-rín tẹ etí aago náà. Kò ṣí. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ṣí lójijì. Nǹkan kan fò jáde, ó dán yinrin lábẹ́ iná, ó sì pòórá.

Bàbá Eléyín kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbálẹ̀, ó wo inú bàtà rẹ̀, ó tú àpò ẹ̀wù rẹ̀ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn irun orí rẹ̀ sórí ìwé funfun. Dókítà kan yọjú, ó rí i nípò yẹn, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn padà. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó sú u, ó dé agolo eyín Ọ̀gá Akọrin, ó sè é. Lọ́jọ́ kejì ó yọ ọ́, ó fá a, ó dán an, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣì ń wò ní gbogbo àsìkò náà. Ọ̀gá Akọrin wá, ó gbé eyín rẹ̀ sẹ́nu, ó kọrin díẹ̀ láti dán an wò, ó lọ.

Kò pẹ́ tó fi tún padà wá. Ó ń rẹ́rìn-ín tó fi jẹ́ pé eyín ló kọ́kọ́ wọ yàrá.

"Bàbá Eléyín, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ẹ̀bùn tẹ́ ẹ fi sí i yìí, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi."

"Ẹ̀bùn wo, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá Akọrin ya ẹnu gbàgà, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Lára erìgì, nísàlẹ̀ eyín ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ kékeré kan jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo eyín tirẹ̀, ó ń dán bí ìràwọ̀. Bàbá Eléyín na ọwọ́ sí i.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ fún mi. Àṣìṣe ni. Màá yọ ọ́, màá dí ojú rẹ̀."

Ọ̀gá Akọrin pa ẹnu dé. "Kí ẹ yọ wúrà lẹ́nu mi?"

"Kì í ṣe wúrà."

"Ó jọ wúrà."

"Inú aago ló ti fò jáde."

"Bàbá Eléyín, ẹ gbọ́," ọkùnrin náà ní, ó sì fà sẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà. "Mo ti ń kọrin látìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó wo ẹnu mi rí. Lánàá, mo fa ohùn kan gùn, gbogbo ìlà iwájú ló na ọrùn. Obìnrin kan bi mí pé ilé iṣẹ́ wo ni mo ti ṣe é. Ṣé kò lè pa mí lára?"

"Rárá. Mo ti dán an, ó ti lẹ̀ pinpin."

"Ó tán nìyẹn. Ẹ̀mí mi ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà kẹ́ ẹ tó gbà á." Ó sì jáde, ó ń kọrin lọ.

Bàbá Eléyín jókòó. Ìdánwò wá bá a níbẹ̀. Òkú aago ni Màmá Òkè fún un. Bó bá pa á dé, tó dá a padà, òkú náà ló dá padà. Ta ló ń ka eyín òkú? Ó ronú ọ̀rọ̀ náà títí ó fi délé, ó sì dùn mọ́ ọn létí títí ìyàwó rẹ̀ fi wò ó lójú lẹ́ẹ̀kan. Ló bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti padà sípò.

"Ẹni tó bá gbá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í tẹ iná sí i kó sá lọ. Ṣe ló máa dúró. Ẹ máa gòkè lọ."

Àtẹ̀gùn náà gùn lọ́jọ́ yẹn. Màmá Òkè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ẹnu ta lo ní ó wà?"

"Ẹnu Ọ̀gá Akọrin, Màmá. Ẹ má bínú. Màá ra aago náà, ìbáà má wúlò mọ́."

"Ṣé ó sì ń kọrin pẹ̀lú rẹ̀ báyìí?"

"Ó ń kọrin."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn Màmá Òkè. Ó rín in títí ó fi di àga mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Má tíì ra nǹkan kan. Jẹ́ ká mọ ohun tí à ń rà ná."

Àwọn méjèèjì jọ lọ bá obìnrin kan tó ń tún aago ṣe ní igun òpópónà. Obìnrin náà fi awò sójú, ó wo inú aago náà pẹ́.

"Ìdọ̀tí ló dì í," ó ní. "Bí mo bá fọ̀ ọ́, tí mo wá ọwọ́ kan fi sí i, á rìn. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń jẹ́ kó ké kò sí níbẹ̀ mọ́, mi ò sì mọ ibi tí mo ti lè rí irú rẹ̀. Á máa rìn ṣáá, kò kàn ní lè ké mọ́ ni."

Bàbá Eléyín fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó yíjú sí Màmá Òkè kí wọ́n jọ yọ̀, ṣùgbọ́n aago náà ni Màmá Òkè ń wò.

"Kò lè ké mọ́ láéláé?" ó béèrè.

"Kò lè ké mọ́, Màmá."

"Hẹn." Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan nu ojú aago náà bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. "Ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn. Ẹ tún un ṣe."

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kó tó fi lé Bàbá Eléyín lọ́wọ́, ó gbé e sétí, ó dijú, ó sì gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bàbá wọn ìbá bínú, pé wọn ìbá sì tún sùn lọ láàárín ìbínú náà. Iye tó gbà lórí rẹ̀ kò tó èyí tó kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ó ní òun ti yọ iye ẹ̀rín tí òun rín kúrò níbẹ̀.

Bàbá Eléyín so aago náà mọ́ ọwọ́, ó ká apá ẹ̀wù sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ó gba ọ̀nà tó jìn délé kí ènìyàn púpọ̀ lè bi í léèrè aago mélòó ló lù. Ẹni kan ṣoṣo ló bi í. Ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń rìn," ó ní.

"Mo sọ fún ọ."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ó máa bá ọwọ́ mi mu." Ó ti ń so ó mọ́ ọwọ́ tirẹ̀. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ jẹ́ n mú un jáde lọ́la nìkan."

Ọ̀la yẹn kò tíì tán títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí Bàbá Eléyín bá fẹ́ rí aago rẹ̀ lójú ọ̀sán, àfi kó dúró lẹ́bàá títì, kí ọkọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà máa rọra kọjá, kó juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ sì juwọ́ sí i padà.