Mọ́tò Tó Mọ Oríta

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mọ́tò eléérú yẹn dúró síwájú ilé wa ni ìdí mi kò ti dúró lórí àga mọ́. Mo lè máa gẹ irun oníbàárà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ojú fèrèsé, màá wò ó, màá pòṣé, màá padà sídìí irun. Onígbàjámọ̀ ni mí. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, yàrá ìdáná wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn yàrá ìdáná sì ni ìyàwó mi jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún nà gbọọrọ lórí ìrọ̀rí. Iṣẹ́ mi kì í gbé mi lọ síbì kankan. Bí mo bá ti jí, mo ti dé ibi iṣẹ́ nìyẹn.

Wágọ̀n ni mọ́tò tuntun náà. Kì í ṣe tuntun o, tuntun lójú tiwa ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí ilé tí wọ́n fi yàrá kan kún nígbà tí ọmọ pọ̀ jù. Káfíńtà kan ló lò ó kó tó kàn wá, òórùn pákó ò sì tíì tán nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Táyà rẹ̀ dáa, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í pariwo, ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó fi ń pa dé. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

"Bàbá mi, mọ́tò tó lọ́gbọ́n lórí ni," ọmọ wa obìnrin wí lórí fóònù. Òun ló bá wa wá a.

"Ilé ìwé wo ló lọ?" mo bi í.

Ẹ̀gbọ́n ni mọ́tò wa gangan. Pupa ni, ó kéré, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹ̀gbọ́n, torí ó ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi kí n tó dé, èmi ò sì lè máa fojú ọmọdé wo ẹni tó ṣáájú mi wọlé. Kíkọ́ni ní mọ́tò ni iṣẹ́ tí ìyàwó mi ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, torí inú Ẹ̀gbọ́n ló ti kọ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti dẹnu kọ ọ́ nígbà tí iná pupa dá wa dúró. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbájú mọ́ ọ̀nà ná.

Bíi ti gbogbo mọ́tò tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn, bíréèkì méjì ni Ẹ̀gbọ́n ní. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á, èkejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Tíṣà, wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ lọ fi orí mọ́tò sọ ògiri, Tíṣà á tẹ tiẹ̀, mọ́tò á dúró. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ fún mi pé òun ti ní kí mẹkáníìkì já èyí tó wà lọ́dọ̀ òun.

"Ọwọ́ ẹ ni mo wà báyìí," ló wí.

Inú mi dùn débi pé ọ̀fẹ́ ni mo gẹ irun gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń wa Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni, tàbí bí a bá ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa, Tíṣà kì í sì í jẹ́ kí n dá lọ. Mo gbà pé ìwakọ̀ mi ló ń gbádùn. Kò tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Mo ní ìròyìn mi ló dùn tí kò jẹ́ kí oorun kùn ún. Ní ti Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, torí mọ́tò yẹn mọ oríta. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a bá ń sún mọ́ oríta, tí mo ń ròyìn lọ́wọ́, ìgbà tí ẹsẹ̀ mi bá fi máa dé orí bíréèkì, màá bá a tó ti ń rọra lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi títí ó fi sú wọn. "Mọ́tò yẹn ti di èèyàn," mo máa ń wí. Wọ́n á mi orí lábẹ́ kílípà, ohun tí kò dáa fún orí ẹnikẹ́ni.

Àfi bí orúnkún ọ̀tún Tíṣà ṣe dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin àti aṣọ líle de ẹsẹ̀ náà kó má baà ká, mọ́tò ilé ìwòsàn sì gbé e wá sílé. Èmi ni n ó máa gbé e lọ gba ìtọ́jú láti ìsinsìnyí, ọ̀la sì ni àkọ́kọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, tí ẹsẹ̀ yẹn bá ká tàbí tó lọ gbá nǹkan, wọ́n á tún un là ni. Ẹsẹ̀ tó nà gbọọrọ kò sì lè wọ inú Ẹ̀gbọ́n. Nínú wágọ̀n, Tíṣà lè fi ìbú jókòó sẹ́yìn, kó na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó, kí àga onítáyà rẹ̀ wà ní búùtù. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Tíṣà ti ní ká ta Ẹ̀gbọ́n; ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹni tó fẹ́ rà á dé. Ọmọbìnrin kan ni, ó wọ awò ojú, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ni ní mọ́tò.

"Ẹ káàsán, sà. Màámi Tíṣà ní kí n wá."

"Ṣé irun lẹ fẹ́ gẹ̀?"

"Rárá, sà. Mọ́tò ni."

Mo mú un lọ sídìí Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ fọmọ fọ́kọ.

"Ilẹ̀kùn yìí, àfi kéèyàn gbé e sókè díẹ̀ kó tó lè pa dé."

"Kò burú, sà."

"Họ́ọ̀nù rẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń ké."

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi kọ́ sùúrù, sà."

"Bíréèkì kejì ńkọ́? Wọ́n ti já a. Ó ti pẹ́."

Ó dúró, ó wò mí. "Wọ́n já a kẹ̀? Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá o. Màámi ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Màámi ti gbàgbé. Àwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n já a."

Ó ní kí á ṣáà wò ó. Mo jókòó sídìí sítíárìn, òun jókòó síbi tí Tíṣà máa ń jókòó. Mo ta ẹ́ńjìnì jí, mo gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Ọmọbìnrin náà na ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Bíréèkì abẹ́ ẹsẹ̀ mi rọra lọ sílẹ̀.

Kò sí bí mi ò ṣe ní dá a mọ̀. Bó ṣe máa ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo oríta náà nìyẹn, láìkánjú, láìta gìrì.

"Ẹ tún un tẹ̀," mo wí.

Ó tún un tẹ̀. Ó tún lọ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà bíréèkì tó wà lọ́dọ̀ Tíṣà ti jẹ tán, irin rẹ̀ ń dán gbinrin, kò sí ekuru kankan lórí rẹ̀. Mo wo tèmi. Ìlà ara rọ́bà rẹ̀ ṣì pé, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

"Ó ń ṣiṣẹ́ o, sà," ọmọbìnrin náà wí, inú rẹ̀ ń dùn. Kò mọ ohun tí òun ṣe. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kó tó tì í, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, ó sì wa Ẹ̀gbọ́n lọ. N kò dúró wò ó títí tó fi yà. Mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Tíṣà ń ran bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi.

"Tíṣà, ta ló ń tẹ bíréèkì?"

"Bíréèkì wo?"

"Èyí tí wọ́n já."

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ṣé ó ti mú un lọ?"

"Má dọ́gbọ́n yí ọ̀rọ̀ yẹn padà."

"Mo fẹ́ kí wọ́n já a, mi ò parọ́ nípa ìyẹn. Mo dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó ti gbé irinṣẹ́ jáde. Mo bá rántí bó o ṣe gba oríta ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo ní kó fi í sílẹ̀."

"O wá wálé, o ní wọ́n ti já a."

"Inú ẹ ti dùn jù kí n tó parí ọ̀rọ̀. Kí ni kí n wá sọ? O ti ń pe gbogbo àdúgbò wọlé wá gẹrun."

Inú bí mi, ojú sì tì mí, n kò mọ èyí tí mo lè fi hàn nínú méjèèjì. Mo rìn lọ sídìí ẹnu ọ̀nà, mo rìn padà.

"Ò bá ti sọ fún mi! Ǹ bá ti kọ́ ọ. Ṣebí tíṣà ni ẹ́!"

"Bó o bá ń wakọ̀, ìròyìn lo máa ń sọ," ó wí. "O máa ń fi ọwọ́ júwe gbogbo ẹ̀. Bí mo bá ní kó o gbájú mọ́ ọ̀nà, o máa dákẹ́. Mo fẹ́ràn ìròyìn náà. Mo wá sọ nínú mi pé kó o máa sọ ọ́ lọ, èmi á máa bá ẹ tẹ bíréèkì."

Ojú mi lọ sórí ẹsẹ̀ tó nà sórí ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni.

"Ṣé èmi ni mo ba orúnkún ẹ jẹ́?"

"Ọjọ́ orí ló bà á jẹ́. Ìwọ kàn ràn án lọ́wọ́ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù gidi. Gbogbo ìwakọ̀ tí mo fi ń yangàn, ìdajì rẹ̀ ni mo ṣe.

"Jẹ́ ká pe ọmọ wa kó wá gbé ẹ lọ́la. Tàbí ká gba takisí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ìwọ lo máa gbé mi."

"Kò sí bíréèkì kankan níbi tó o máa jókòó sí!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo yan mọ́tò náà," ó wí, ó sì padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ń bọ̀, mo ní irun rẹ̀ ṣì dáa, kó máa lọ. Mo wọ wágọ̀n, mo ta á jí, mo ní kí n kàn wà á dé òpin àdúgbò. Mo ń lọ jẹ́jẹ́ títí oríta àkọ́kọ́ fi yọ. Ẹ wá wo nǹkan o: èmi, àgbàlagbà, mo jókòó, mò ń dúró de mọ́tò kó dúró. Ìgbà tí mo fi rántí pé ọ̀rọ̀ náà kù sọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ búrẹ́dì kan ti kún gbogbo dígí iwájú. Mo tẹ bíréèkì bí ẹni tẹ àkekèé. Mọ́tò ta gìrì, ó dúró, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu sítíárìn. Mo wo ìjókòó ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ Tíṣà tó ń lọ gbá ilẹ̀kùn. Mo wà á káàkiri àdúgbò títí ojú mi fi ń ta mí.

"Báwo ló ṣe rí?" Tíṣà béèrè nígbà tí mo wọlé.

"Ó dáa gan-an."

"Irọ́ ti kárí wa báyìí," ó wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e sẹ́yìn wágọ̀n. Mo fi ìrọ̀rí há ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo bọ́ sídìí sítíárìn, a sì lọ.

Ní oríta àkọ́kọ́, kí n tó gbé ẹsẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: gbì! Gìgísẹ̀ òsì Tíṣà ni, tó gbá ilẹ̀ mọ́tò. Mo tẹ bíréèkì, a dúró. Ní oríta kejì, gbì! Níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń sọdá, gbì! Mo kàn pinnu nínú mi pé màá ṣáájú gìgísẹ̀ yẹn débẹ̀.

"O ò ròyìn," ó wí lẹ́yìn díẹ̀.

"Mò ń wakọ̀."

Mo ń wo iwájú, mo ń wo ẹ̀gbẹ́, mo ń wo ìrù gbogbo mọ́tò tó wà níwájú mi. Níbi kan, mo tẹ bíréèkì, gbì sì dún, àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ dún lẹ́yìn, kò sì le mọ́. Àágùn ń ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni ń gẹ irun adájọ́.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ilé ìwòsàn, iná yí sí pupa níwájú. Mo ti rí i láti òkèèrè. Mo rọra tẹ bíréèkì, mo tún rọra fi kún un, wágọ̀n sì dúró débi pé n kò mọ ìgbà tó dúró.

Kò sí gbì.

"Ṣó o rí i?" mo wí. "Tíṣà, ṣó o rí ìyẹn?"

Kò dáhùn. Mo gbé ojú sí dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn. Ó ti fi orí ti fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun díẹ̀díẹ̀. Tíṣà ń sùn. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé oògùn ló gbé e sùn. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀.

Iná ti yí padà, ẹnì kan ń fun họ́ọ̀nù lẹ́yìn wa. N kò dá a lóhùn. Mo rọra ṣí, mo rọra yà, mo wọ ọgbà ilé ìwòsàn, mo gbé wágọ̀n síbi ibòòji. Ọkùnrin kan tó ń bá wọn ti àga aláìsàn sáré wá, ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo na ọwọ́ síta kíá, mo dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn díẹ̀ sí i."

"Ṣé kò sí nǹkan o, bàbá?"

"Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń sùn ni."

Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo pa ẹ́ńjìnì. Mo jókòó jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí bíréèkì.